Ẹ Fún Wa Láyè Láti Bi Àlejò Wa Léèrè Ọ̀rọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àpèjẹ Ẹgbẹ́ Wa

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àpèjẹ alẹ́ ọdọọdún ti ẹgbẹ́ olóṣèlú àdúgbò wa.

Ẹ̀yin àgbà àti akẹgbẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì ṣètò àpèjẹ fún igba ènìyàn rí kò lè mọ iye òru tí ẹ ti fi ṣe àìsùn, iye ìgbà tí ẹ ti pe ẹni tó ni gbọ̀ngàn, àti iye lẹ́tà tí ẹ ti kọ sí ọ́fíìsì aṣòfin wa kí wọ́n tó gbà láti wá bá wa sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń wá àléébù iṣẹ́ yín ló kọ ìwé yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti bá yín to àga, tó ti bá yín kó àga, tó sì tún máa wà lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ náà ni.

Ìwé ètò àpèjẹ náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo kà á láti òkè délẹ̀, mo sì tún un kà nítorí mo rò pé ojú mi ló fo ìlà kan. Ìkíni káàbọ̀ wà níbẹ̀. Ìfinimọ̀hàn àwọn tó máa jókòó sí tábìlì ọlọ́lá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlejò pàtàkì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45, fífi àmì ẹ̀yẹ dánilọ́lá wà níbẹ̀, yíya àwòrán àti ìdúpẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àkókò tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ máa fi bi aṣòfin wa léèrè ọ̀rọ̀. Ọdún kejì rèé tí a ó jókòó àpèjẹ láìsí i, ohun kan ṣoṣo tí mo sì torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí ni láti bẹ̀ yín pé kí ẹ dá a padà, kí ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò ní dúdú àti funfun kí ó tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá yín sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Lóòótọ́, mo ti bá méjì nínú yín sọ ọ́ lójúkojú, ẹ sì dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé ẹ ó gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àpèjẹ yìí kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ nìkan. Ti gbogbo ẹni tó ń san owó ẹgbẹ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn náà mọ ohun tí à ń jíròrò lé lórí nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà síta. N kò ṣe é láti dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí alẹ́ àpèjẹ ọdún tó kọjá. Èmi ni mo wà nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń lẹ orúkọ mọ́ àwọn ènìyàn láyà bí wọ́n ti ń wọlé. Lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ni ìyá àgbà kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wa, tí wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Wọ́n mú ìwé kan jáde nínú àpò wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le jù. Ojú ìwé kan péré ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin. Ó hàn gbangba pé wọ́n ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí pé ipa pẹ́ńsù tí wọ́n ti fi rọ́bà pa rẹ́ ṣì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá fi bírò kọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: àbá òfin lórí owó ìfẹ̀yìntì tí aṣòfin wa ṣèlérí nígbà ìpolongo pé àwọn máa gbé lọ síwájú ilé, ibo ló dé? Ìyá náà wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò le jù?" Mo ní kò le rárá, ìyá.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn àkókò tí a dá ni àlejò wa dé. N kò fi ìyẹn bá wọn jà, nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan, ọ̀rọ̀ náà dùn, a sì pàtẹ́wọ́ fún wọn tọkàntọkàn. Bí wọ́n ti ń padà sí ìjókòó wọn ni atọ́kùn ètò gba gbohùngbohùn, tó ní nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, a ó fo abala ìbéèrè, kí a kọjá sí yíya àwòrán. Ibi tí mo dúró sí, mo rí ìyá yẹn dáadáa. Wọ́n ti dìde. Wọ́n ti ti àga wọn sẹ́yìn, wọ́n ti ṣí ìwé náà, wọ́n mú un ní ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ yé, wọ́n wá rọra ṣẹ́ ìwé náà padà lójú ibi tó ti ní ìlà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì jókòó. Yíya àwòrán gba ìṣẹ́jú 35. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo wo aago mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sì tún wò ó nígbà tó parí.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé a ti ṣe ohun kan tí kò dára, tí a kò sì mọ̀ pé a ṣe é.

Ẹ wo bí ọdún kan ṣe ń lọ láàárín aṣòfin kan àti àwọn tó dìbò fún un. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ bá ń jókòó, àwọn aṣòfin bíi tirẹ̀ ló lè bi í léèrè ọ̀rọ̀; ará ìlú tó bá lọ síbẹ̀, níbi ìjókòó òǹwòran ló máa wà, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Bí ará ìlú bá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì rẹ̀, akọ̀wé ló máa kà á, akọ̀wé ló sì máa fèsì, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ìwé kan náà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de gbogbo ẹni tó bá béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbi ayẹyẹ ìṣílé tàbí ìṣíṣẹ́, èrò àti ẹ̀ṣọ́ á ti yí i ká. Bí àsìkò ìbò bá sì dé, ìlérí tuntun ló ń gbé bọ̀, kò sì sí ẹni tó máa ráyè yẹ ti àtijọ́ wò. Alẹ́ àpèjẹ wa ni ìgbà kan ṣoṣo lọ́dún tí ẹni tí a rán níṣẹ́ àti àwa tí a rán an máa jókòó sínú yàrá kan náà fún wákàtí mẹ́ta, láìsí tábìlì akọ̀wé láàárín wa, láìsí ìbò tó kù sí dẹ̀dẹ̀ tó máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìpolongo. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá jẹ́ kí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá tí àwa kàn ń gbọ́, tí a kò sọ, ìgbà wo la tún fẹ́ rí wọn?

Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a fẹ́ jẹ́ ẹ fún. Nínú ẹgbẹ́ wa, mo ń rí i pé a ti ń yí òwe yìí po. Àwa tí a kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, tí a dúró sí ibùdó ìdìbò láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi ka ìbò tán, àwa la wá ń gbọ̀n níwájú ẹni tí a rán, tí a ń bẹ̀rù pé bí a bá béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, inú á bí i. Mo dìbò fún aṣòfin wa. Bí wọ́n bá tún jáde, bí iṣẹ́ wọn bá sì rí bí mo ti rò pé ó rí, màá tún dìbò fún wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí, ẹnu wọn ni mo sì fẹ́ ti gbọ́ ọ.

Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé àpèjẹ kì í ṣe ibi ìbéèrè, pé ibi fàájì àti ìdúpẹ́ ni. Ìtàn àpèjẹ olóṣèlú kò fara mọ́ èyí. Ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1847, òfin kò gbà kí ẹgbẹ́ tó bá ju 20 ènìyàn lọ máa pàdé láìgba àṣẹ ìjọba. Kìkì àwọn tó ń san owó orí tó tó 200 franc lọ́dún ló lè dìbò, gbogbo wọn kò sì ju nǹkan bí 240,000 lọ nínú orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn inú rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 35. Àwọn tó ń fẹ́ kí ẹ̀tọ́ ìdìbò gbòòrò sí i rí i pé òfin tó de ìpàdé kò de oúnjẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì àpèjẹ. Èyí àkọ́kọ́ wáyé ní Château-Rouge ní ìlú Paris ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 1847, nǹkan bí 1,200 ènìyàn ló sì jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kan náà, Lamartine, akéwì tó tún jẹ́ aṣòfin, dìde níwájú àwọn ará Mâcon, ìlú tí wọ́n ti bí i tí wọ́n sì ti dìbò yàn án, ó bá wọn sọ̀rọ̀ níbi àpèjẹ tiwọn. Kí ọdún náà tó parí, irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀ ti tó bí 70 káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Èyí tó wáyé ní ìlú Lille ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn jù. Odilon Barrot, tó jẹ́ aṣáájú àwọn aṣòfin alátakò nígbà náà, ni wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí àlejò ńlá. Nígbà tó dé, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún ohun tí wọ́n máa gbé ife sókè fún, ọ̀rọ̀ tó máa fi hàn pé ìṣàkóso ọba tó wà nígbà náà ṣì tẹ́ wọn lọ́rùn bí wọ́n bá lè lò ó pẹ̀lú òtítọ́. Àwọn tó ṣètò àpèjẹ náà kọ̀. Barrot bínú jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọn kò tú àpèjẹ náà ká, wọn kò sì sáré tẹ̀ lé e. Ledru-Rollin, aṣòfin mìíràn, ló bọ́ sójú agbo tó sọ̀rọ̀. Ìpàdé tiwọn ni, wọ́n sì mọ̀ pé tiwọn ni. Nígbà tí ìjọba fòfin de àpèjẹ tó yẹ kó wáyé ní Paris ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1848, àwọn ará ìlú tú sí ìgboro. Lọ́jọ́ kejì, Guizot tó jẹ́ olórí ìjọba kúrò lórí àga, nígbà tó sì di ọjọ́ 24, ọba Louis-Philippe gbé adé sílẹ̀.

N kò mú ìtàn yìí wá nítorí pé mo fẹ́ rògbòdìyàn nínú gbọ̀ngàn wa. Mo mú un wá nítorí pé àwọn tó jókòó sídìí tábìlì wọ̀nyẹn mọ̀ pé oúnjẹ ni àwáwí, ọ̀rọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi wá. Àpèjẹ tiwọn náà kò pé, nítorí pé owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn máa ń ga ju agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ, àìsàn yẹn náà sì wà lára wa. Níbi tí mo bá dé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo owó tíkẹ́ẹ̀tì wa wò. Àwọn ọ̀dọ́ tó lẹ ìwé ìpolongo mọ́ ògiri ní gbogbo òru, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa wà lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà tí wọ́n á máa gbé abọ́, kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ń wù wọ́n, bí kò ṣe pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà wọ gbọ̀ngàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó gba ojú ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ wá.

Mo mọ ìdí mẹ́ta tí ẹ fi yọ abala ìbéèrè kúrò, nítorí pé ẹ ti sọ wọ́n fún mi.

Ẹ ní kò sí àkókò. Àkókò wà. Ẹ gé ọ̀rọ̀ àlejò kù sí ìṣẹ́jú 25, ẹ sì gbé yíya àwòrán sí ìparí, kí ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán dúró de é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olórí ìjọba ń dúró níwájú ilé aṣòfin ní gbogbo Ọjọ́rú tí ilé bá ń jókòó, ó sì ń dáhùn ìbéèrè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí Tony Blair, tó di olórí ìjọba wọn, tó yí i padà ní ọdún 1997, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń ṣàkóso odidi orílẹ̀-èdè bá lè rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan fún àwọn alátakò rẹ̀, aṣòfin wa á rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́dún kan fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Ẹ tún ní ìbéèrè lè rí bí àìbọ̀wọ̀ fún àlejò. Èyí ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ìfẹ́ ló ti wá, mo sì mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ nínú gbọ̀ngàn wa. Èmi náà kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀wọ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 1860, Abraham Lincoln, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, wá bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn Cooper Union ní New York, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Republican ìlú náà ló sì gbà á lálejò. Kò sí lórí oyè kankan nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú nǹkan bí 1,500 ènìyàn tó wá kò sì rí i rí. Ó ti fi oṣù mélòó kan tú ìwé àkọsílẹ̀ wò ṣáájú. Ó mú àwọn ènìyàn 39 tó fọwọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọpa bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti dìbò lórí bóyá ìjọba àpapọ̀ lè dá oko ẹrú dúró ní àwọn ilẹ̀ tuntun, ó sì fi hàn pé 21 nínú wọn, èyí tó ju ìdajì lọ, ti fi ìbò wọn sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún àwọn tó wá gbọ́ ọ débi pé ó gbé ẹ̀rí wá fún wọn, ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè lọ yẹ̀ wò nígbà tó bá délé. Ọ̀wọ̀ tí mo ń fẹ́ láàárín àwa àti aṣòfin wa nìyẹn. Kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé a ó béèrè, kí wọ́n lè wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí a bá bi léèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, tí a sì fún láyè láti dáhùn títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi tán, a ti bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tí a kàn yìn tí a sì ní kó máa lọ.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn tó fẹ́ràn aṣòfin wa ronú lé. Kò sí ibì kan tí ìbéèrè líle ti rọrùn láti gbọ́ bí àárín àwọn tó dìbò fún ni. Bí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì bá ń dun àwọn àgbàlagbà inú ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí aṣòfin wa gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá yẹn, nídìí tábìlì wa, nígbà tí wọ́n ṣì lè ṣe nǹkan sí i. Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú, ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n máa gbọ́ ọ, àpótí ìbò kì í sì í fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìdí kẹta tí ẹ sọ ni pé ẹnì kan lè gba ohùn sílẹ̀, kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọ̀tá sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní oṣù Kẹrin 2008, Barack Obama, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ nígbà náà, sọ fún àwọn tó ń dáwó fún ìpolongo rẹ̀ ní San Francisco pé àwọn ará ìlú kékeré tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ń bínú, wọ́n sì ń dì mọ́ ìbọn tàbí ẹ̀sìn. Wọn kò pe oníròyìn sí ibẹ̀, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2012, ní Boca Raton ní ìpínlẹ̀ Florida, Mitt Romney, tó ń díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, jókòó oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú àwọn tó san 50,000 dọ́là lórí ìjókòó kan, ó sì sọ pé ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà ló gbára lé ìjọba tí wọn kò sì ní dìbò fún òun láéláé. Ẹni tó ń gbé ọtí fún wọn ló ká ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ níbí: ìbéèrè ni àwọn méjèèjì ń dáhùn. Ẹnì kan lè fi ìyẹn dá mi lóhùn pé ìbéèrè ló kó bá wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè? Àwọn olówó tó wà nínú yàrá náà ni. Àwọn ará ìlú kékeré tí Obama ń sọ nípa wọn kò sí níbẹ̀, àwọn tí Romney kà mọ́ ìdá 47 kò sì jókòó sídìí tábìlì ìjókòó 50,000 dọ́là. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà níbẹ̀ tó na ọwọ́ sókè, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má tilẹ̀ jáde lẹ́nu, tàbí kí wọ́n ti tún un sọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Títi ilẹ̀kùn kò dáàbò bo àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe ni kí a ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ pe oníròyìn àdúgbò wá, ẹ sọ fún àlejò wa ṣáájú pé gbogbo ètò ni a ó gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìṣẹ́jú kan gé jáde tí kò ní sí odindi rẹ̀ níbòmíràn láti fi wé e.

Bí a ó ti ṣe é kò ṣòro. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣòfin wa lọ́sẹ̀ yìí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ béèrè lé lórí ni àbá òfin tí wọ́n ṣèlérí, bí wọ́n ti dìbò lórí ètò ìṣúná, àti ọjọ́ tí wọ́n máa ń wà ní àdúgbò láti rí àwọn ènìyàn. Orí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má fi ìbéèrè fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni láti ọ́fíìsì wọn ṣà á. Kí ẹni tó máa darí abala náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá wọn ṣiṣẹ́. Kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí pé mo mọ àwọn tó máa ń fi ìbéèrè bojú tí wọ́n á fi máa wàásù, ó sì yẹ kí ẹ dá wọn dúró láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tó béèrè ní ẹ̀tọ́ láti sọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò tíì dáhùn." Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló ń kú níbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó béèrè kí èsì tó parí. Kí gbohùngbohùn méjì wà, kí ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ láti àwọn tábìlì tó wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí ó tó wá síwájú. Ìbéèrè tí kò bá ríbi wọlé, kí akọ̀wé kó wọn jọ, kí a sì bẹ aṣòfin wa kí wọ́n fèsì sí i nínú ìwé láàárín oṣù kan.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ, mo rí i pé ẹ ti ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ kí ó mọ níwọ̀n. Àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀bùn àti àlejò ṣíṣe tó bá ju 300 pọ́n-ùn lọ sínú ìwé tí gbogbo ará ìlú lè kà, ní ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà sì rèé, ẹ̀bùn tó bá tó 50 dọ́là ti wọ inú èyí tí òfin ilé dè, àfi nínú ìwọ̀nba ipò tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ìwé ìdúpẹ́ tí gbogbo wa fọwọ́ sí á tó, kò sì ní sí ẹni tó máa bi aṣòfin wa léèrè ohun tí a fi rà wọ́n.

Ìyá yẹn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ti ọdún yìí. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti rà á. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn tún mú ìwé náà dání, nítorí pé àbá òfin owó ìfẹ̀yìntì kò tíì dé iwájú ilé títí di òní. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá gbà, tí ẹ sì ń wá ẹni tó máa gbé gbohùngbohùn káàkiri láti tábìlì dé tábìlì, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mò ń retí èsì yín kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín tó ń jókòó sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀.